Bí Mo Ṣe Gbé Ìròyìn Mosún Lọ sí Ìwòyè

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Ìlaró ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, tí mo sì forí lé gáréèjì. Ìwòyè-Kétu ni mò ń lọ, lẹ́bàá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìròyìn ikú ni mo fẹ́ lọ sọ níbẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá a jọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kékeré kan ní Ayétòrò, tí wọ́n ti tì pa tipẹ́. Lọ́dọọdún, èmi ni mo máa ń kó ìròyìn wa jọ: ẹni tó joyè, ẹni tó fẹ̀yìn tì, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó, ẹni tó dolóògbé. Mosún, tó ṣe ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kó tó fẹ̀yìn tì, kú nígbà òjò, a sì fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀ ní Sátidé, níbi ìpàdé wa ní Ayétòrò. Sìdíkátù, tó ń gbé ní Ìwòyè báyìí, ló bá a gbé yàrá kan látìgbà tá a wọlé títí tá a fi jáde. Nọ́ńbà Sìdíkátù tó wà lọ́wọ́ mi ò lọ mọ́. Ká tiẹ̀ ní ó ń lọ, irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí mo lè sọ lórí fóònù.

Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ dé Ayétòrò. Ọ̀nà náà dán níbì kan, ó bàjẹ́ níbòmíràn, débi pé dẹ́rẹ́bà ń yà wọ inú koríko kó má bàa kó sí kòtò. Mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná ní gáréèjì, mo sì wọ mọ́tò míì lọ sí Ìmẹ̀kọ. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, torí mọ́tò ò pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Lọ́dọ̀ wa ní Ìlaró, ilé ló máa ń tẹ̀ lé ilé lẹ́bàá títì. Níbẹ̀, igi kajú àti oko ẹ̀gẹ́ ni mò ń wò títí. Àwọn aṣọ́bodè dá wa dúró léraléra, wọ́n wo inú báàgì wa, wọ́n ní ká máa lọ.

Ní Ìmẹ̀kọ ni mo ti gun ọ̀kadà. Wàsíù lorúkọ ẹni tó gbé mi.

“Màmá, ọ̀dọ̀ ta lẹ̀ ń lọ ní Ìwòyè?”

“Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Sìdíkátù ni wọ́n ń pè é.”

“Àlájà Tíṣà! Àwọn ló kọ́ mi ní ABD.” Ó bojú wo ẹ̀yìn díẹ̀. “Ṣé kò sí o? Ojú yín ò dùn.”

“Dákun, wo iwájú ẹ,” ni mo wí, mo sì di ẹ̀wù ẹ̀ mú.

Ní Ìwòyè, wọ́n ń ná náírà, wọ́n sì ń ná sẹfà, owó àwọn ará òdìkejì. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn kí mi pé “bọnarifé.” Èmi ò gbọ́. Wàsíù ló sọ fún mi pé “ẹ káàbọ̀” ni, lédè Faransé.

Sìdíkátù ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ torí orúnkún tó ń dùn ún. Bó ṣe rí mi, ó ju ọ̀pá sílẹ̀.

“Fúnmi! Fúnmi Ìlaró! Ṣé ìwọ rèé?”

Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gúnyán. Bá a ṣe ń jẹun ló ń béèrè àwọn ẹgbẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ti Láwálé tó di báálẹ̀, mo sọ ti Bísí tí ọmọ ẹ̀ di dókítà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Mò ń wá ẹlòmíì tí mo lè dárúkọ, mi ò rí mọ́.

“O ò tíì sọ ti Mosún,” ló wí.

Mo fọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. “Sìdí, Mosún ti fi wá sílẹ̀.”

Kò pariwo. Ó ní, “Ìgbà wo?”

“Nígbà òjò.”

Ó bu omi, ó ṣàlùwàlá, ó wọlé lọ kírun. Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀ ti pọ́n. “Màá bá ọ lọ sí Ayétòrò lọ́la. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn ọmọ ẹ̀ sọ.”

Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ní, “Ìyá mi, orúnkún yín ńkọ́?”

“Orúnkún mi ni màá gùn lọ ni? Ẹ pe Wàsíù.”

Bá a ṣe dé ìpàdé nìyẹn. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa Mosún: ipò tó dé, ilé ẹ̀kọ́ tó tún ṣe, ọwọ́ líle rẹ̀. Tóyìn, ọmọ Mosún obìnrin, jókòó níwájú, ó ń mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ rí. Sìdíkátù dìde.

“Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Mosún,” ló wí. “Àmọ́ ní gbogbo oṣù ààwẹ̀, òun ló máa ń jí ṣáájú mi, á dá iná, á gbé ẹ̀wà kaná, á wá jí mi: ‘Sìdí, dìde jẹ sààrì.’ Lọ́dún tí bàbá mi kú, tí mo fẹ́ fi ìwé sílẹ̀, ó bá mi gba ààwẹ̀ náà tán. Ó ní òun ò lè máa jẹun lójú mi lọ́dún yẹn.”

Tóyìn gbójú sókè.

“Màmá, ìyá wa ò sọ ọ́ fún wa rí. Báwo ni ẹ̀wà náà ṣe máa ń rí?”

“Iyọ̀ ẹ̀ máa ń pọ̀ jù.”

Tóyìn bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. “Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí títí wọ́n fi lọ.” Ó lọ dì mọ́ Sìdíkátù, wọn ò tètè fi ara wọn sílẹ̀.

Mo padà dé Ìlaró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, eruku Ìmẹ̀kọ ṣì wà lára aṣọ mi. Mo ti ń kọ ìròyìn ẹgbẹ́ wa bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ipò àti oyè ni mo sì máa ń béèrè. Ní báyìí, bí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan fún mi, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó bá a gbé yàrá.