Irin Tí Mo Pè Ní Tèmi

“Gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó ti ń sùn.”

Bàbá ò tilẹ̀ wo ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìn mi, wọ́n dijú, wọ́n ń jẹ obì, wọ́n sì ń fi etí ṣọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ sókè, iná tó ti ń kùn hùn-ùn tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣàṣà, bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná. “Ẹn-ẹ́n,” ni wọ́n wí, “ohùn rẹ̀ nìyẹn. Má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀.” Kò pẹ́ tó tún fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀pá ìjórin lẹ̀ mọ́ irin pinpin, mo fà á títí, kò tu. Èéfín kíkan gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, ní Ìwó. Ìyá mi ń ta aṣọ òkìrìkà, kò sì fẹ́ kí n máa rìn gbéregbère kiri àdúgbò tí mo bá ti ilé ìwé dé, ló bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá pé kí n máa kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Wọn kì í ṣe ẹbí wa. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Bàbá, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Fìlà wọn ti lu jára nítorí iná tó ń ta sí i. Tí àkókò ìrun ọ̀sán bá ti ń sún mọ́, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn fọ èérí irin kúrò lọ́wọ́ kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá, débi pé òórùn ọsàn àti ti irin jíjó ti di ọ̀kan náà ní imú mi.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ìgbẹ́ Adìẹ. Bí ojú irin tí mo bá jó ṣe máa ń rí nìyẹn, kó wú síhìn-ín, kó ki sọ́hùn-ún. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo ní iná ìjọba ni kò lágbára. Mo ní ọ̀pá ìjórin ló ti gba omi. Bàbá á ní, “Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ṣé iná kan náà kọ́ ni gbogbo wa ń lò? Wá jó òmíràn.” Wọn kì í bínú. Wọ́n á tún gé irin méjì fún mi, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, èmi á tún jó o. Nígbà míì màá jó ogún kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹyọ kan má dára nínú rẹ̀.

Bàbá ní àṣà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láàárín àwọn wẹ́dà. Ní Sátidé tí ìjọba ń ní kí gbogbo ènìyàn gbálẹ̀ àdúgbò, tí ṣọ́ọ̀bù kankan kì í ṣí láàárọ̀, àwọn wẹ́dà á pàdé lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀kan máa ń gun ọ̀kadà wá láti Olúpọ̀nnà, òmíràn láti Ilé-Ogbó. Oníkálukú á mú irin méjì tó jó pọ̀ wá, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo, wọ́n á mì í pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ ti ọ̀gá yàtọ̀. Wọ́n á wá máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi fáìsì há a mọ́ra, wọ́n á sì fi ọmọ owú lù ú títí yóò fi tẹ̀ tàbí tí yóò fi kán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa bèèrè pé, “Ọwọ́ ta ni?” Ẹni tó ni ín á dáhùn fúnra rẹ̀ pé, “Ọwọ́ mi ni.” Bó bá ti kán, wọ́n á pé lé e lórí, wọ́n á wo inú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ibi tó ti ṣàṣìṣe fún un. Kò sí èébú níbẹ̀. “Irin ò mọ̀gá,” ni Bàbá máa ń wí. “Iṣẹ́ tó o bá fi pamọ́ fún ẹgbẹ́ ẹ, kò ní dáa láéláé.”

Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, àlejò kan wà láàárín wa. Mọ́sálásí àdúgbò fẹ́ ṣe géètì tuntun, Alájì tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ wọn sì wá jókòó láti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ náà fún. Iṣẹ́ náà wu Bàbá gan-an. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ló ṣe ládàánì mọ́sálásí náà títí ó fi kú, wọ́n sì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ yẹn pé tí géètì yìí bá ti jáde lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò tún bẹ Ọlọ́run fún iṣẹ́ ńlá mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ojú Bàbá ti ń ṣú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí Alájì fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Wọ́n lu irin mẹ́fà. Márùn-ún tẹ̀, wọn ò kán. Ọ̀kan kán, ọkùnrin Olúpọ̀nnà ní ọwọ́ òun ni, wọ́n sọ tirẹ̀ fún un, òun náà sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìkeje dé orí fáìsì. Wọ́n lù ú, lù ú, irin fúnra rẹ̀ ká kòrókòró, ojú ibi tí wọ́n ti jó o kò là. Ẹni tó ń lù ú ju ọmọ owú sílẹ̀, ó nu òógùn ojú. “Subuhánálláhì! Ọwọ́ ta ni?”

Iṣẹ́ Bàbá ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú wọn. Bàbá ti ń mú ọwọ́ lọ sẹ́nu kí wọ́n lè dáhùn, wọ́n ń gbé obì kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mi dúró lápá òsì mi, èmi náà sì ti rí i pé tèmi ló kù nínú àpò, àti pé tí wọ́n bá lu tèmi, Ìgbẹ́ Adìẹ náà ni wọ́n á tún pè mí jáde níwájú Alájì. Ẹnu mi kàn là ni.

“Ọwọ́ mi ni.”

Ariwo sọ. Ẹnìkan gbé mi sókè. Alájì fúnra rẹ̀ ní kí n wá, ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ṣàdúà fún mi. N kò wo ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n mú irin tó kù jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lù ú, ó pín sí méjì bí iṣu sísè, ìdàrọ́ dúdú tí iná fi sílẹ̀ kún inú rẹ̀.

“Ọwọ́ ta ni?”

Gbogbo èèyàn ti dáhùn tán. Bàbá nìkan ló kù. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, ohun tí mo ṣe. Wọ́n ṣí ojú wọn, wọ́n wò mí. N ò rí ìbínú níbẹ̀, ì bá sàn kí n rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti fi mí hàn, wọ́n á sì máa pè mí lólè títí mo fi máa kú. Wọ́n gbé irin méjèèjì lọ́wọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò nu ojú ibi tó kán.

“Ọwọ́ mi ni,” ni Bàbá wí.

Àwọn wẹ́dà pé lé Bàbá lórí gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n rọra ń sọ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú ẹ dákun, ẹ má bínú: ọwọ́ yá jù, wọn ò gbá ìdàrọ́ ìlà àkọ́kọ́ kúrò kí wọ́n tó jó èkejì lé e, iná jìnnà sí irin. Àwọn ọmọ tí Bàbá kọ́ níṣẹ́ ló ń kọ́ wọn. Bàbá ń mi orí, wọ́n ní, “Mo gbọ́. Ẹ ṣeun.” Alájì dìde, ó kí gbogbo wa, ó lọ. Géètì náà kò wá sọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí ó ku èmi àti wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ò jẹ́. Bàbá ní kí n dìde.

“Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi yẹn, ṣé o gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́, sà.”

“Tìrẹ ni wọ́n ń sọ. Kà á fún mi.”

Mo ń sunkún, mo kà á. Ọwọ́ yá jù. Ìdàrọ́ ìlà àkọ́kọ́. Iná jìnnà. Wọ́n gé irin méjì lé mi lọ́wọ́, wọ́n padà sórí àpótí wọn, wọ́n dijú. “Wá jó o báyìí.”

Wọn ò mẹ́nu kàn án mọ́ láyé wọn. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, irin tèmi gan-an tẹ̀, kò kán. Bí ọwọ́ mi ṣe tọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíràn. Bàbá ń jókòó, wọ́n ń fi etí ṣọ́ wa, kò sí iṣẹ́ tí à ń ṣe. Nígbà tí wọ́n kú, mo wà lára àwọn tó gbé wọn lọ sí ibojì, ẹnìkan lẹ́yìn mi sì ní ọkùnrin dáadáa ni, ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ wọn ti bàjẹ́ lọ́jọ́ alẹ́. Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo sì gbé òkú náà lọ.

Mo ti di ọ̀gá báyìí. Orí fóònù ni àwa wẹ́dà ti ń fi iṣẹ́ han ara wa, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́, wọ́n á sọ ibi tó kù sí. Inú mi máa ń dùn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi èyí tó bàjẹ́ hàn láìtijú. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa sọ ìtàn Sátidé yẹn fún wọn, pé ọmọdé kan fi iṣẹ́ na ọ̀gá rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, pé èmi ni ọmọ náà. Wọ́n ń kí mi kú oríire. Mo kọ ìdáhùn lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ń tì mí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tì mí. Ìyàwó mi kò mọ̀, àwọn ọmọ mi kò mọ̀.

Mo wá kọ ọ́ síbí. Ẹ má sọ pé ọwọ́ Bàbá bàjẹ́ mọ́. Irin tó kán lọ́jọ́ náà, èmi ni mo jó o. Ti Bàbá kò kán.