Ta Ló Mú Fọ́tò Clement?

Gbogbo ẹni tó mọ Àrínọlá ní àdúgbò Vickery Meadow, ní Dallas, ló mọ̀ pé kì í fọkàn tán ènìyàn. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fún àwọn arúgbó, kò sì tíì tọ́ oúnjẹ ẹnikẹ́ni wò níbi iṣẹ́ rí. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Adigunjalè ló pa Clement ọkọ rẹ̀ lọ́nà Ṣàgámù, nígbà tí Enoch ọmọ wọn ṣì wà nínú oyún. Wọn ò mú ẹnì kankan. Kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ ẹ́ pé òun ni òun ṣe é. Fọ́tò kan ṣoṣo ló gbé wá sí Dallas: Clement wọ kóòtù, ó dé akẹtẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò bá fọ́tò náà lára ògiri mọ́.

Ọkàn rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ Ramiro, ará Mẹ́síkò tó ń gbé nísàlẹ̀. Ṣebí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá bá wọn tún ẹ̀rọ omi ṣe, tó dúró pẹ́ níwájú fọ́tò náà, tó ń béèrè bóyá ẹni náà ti kú? Kí ló kàn án? Ta ni ò mọ ohun tí wọ́n máa ń fi fọ́tò ènìyàn ṣe? Ojú Clement yẹn gan-an sì ni Enoch gbé wáyé.

“Mommy, relax,” ni Enoch sọ, kò wojú rẹ̀.

Relax kẹ̀! Àrínọlá gbààwẹ̀. Ó fi òróró àdúrà pa férémù ilẹ̀kùn, ó tún yọ́ lọ pa ọwọ́ ilẹ̀kùn Ramiro náà.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó yọjú lójú fèrèsé. Tábìlì kan wà lẹ́yìn ilé, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí i, àbẹ́là àti òdòdó yí Clement ká. Àwọn ọkùnrin alákẹtẹ̀ dúró tì í, ìbọn ní ìbàdí. Ramiro wà láàárín wọn. Àrínọlá gbé ìgò òróró, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ mi ṣe?”

“Cut!” Enoch ló sọ̀rọ̀, òun ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà.

Ara Àrínọlá tutù. Enoch ṣàlàyé: fíìmù Ramiro ni, olówó pọ́ọ́kú, akẹtẹ̀ àyálò, ìbọn oníke. Nínú fíìmù náà, ọmọkùnrin kan ń wá ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Wọ́n nílò fọ́tò bàbá náà, òun Enoch ló sì mú un wá.

“Bàbá rẹ lo wá sọ di eré?” Inú bí i gan-an.

“Mommy, ẹ má bínú. I never met him. At least níbí, ẹnì kan ń wá ẹni tó pa á.”

Ramiro ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àrínọlá ò tíì gbà wọ́n gbọ́. Ó fa àga, ó jókòó ti tábìlì kí ojú rẹ̀ lè tó fọ́tò náà, ó ní kí wọ́n ṣe é kíá.

Ọkùnrin kan tó ń ta táyà ní Oak Cliff ló ń ṣe apànìyàn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Clement pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ńlá, ó gbé akẹtẹ̀ lé àyà, ó sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“Kí ló sọ?” Àrínọlá bi Enoch.

“Ó ní, èmi ni mo pa ọ́. Dárí jì mí.”

Lẹ́yìn ọkùnrin náà, ẹni tó ń ṣe ọmọ olùgbẹ̀san ti na ìbọn sí i. Àrínọlá nawọ́ sókè.

“Ẹ má tíì yìnbọn. Enoch, sọ fún un kó tún un sọ. Kó pe orúkọ rẹ̀. Clement.”