Wákàtí Kan Tí Mo Gbàgbé Láti Sún Síwájú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú yàrá oúnjẹ ní gáráàjì àwa awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Ogójì ìṣẹ́jú ni ìsinmi mi. Mo fi méjìdínlógún kọ ìlà kóòdù mẹ́sàn-án sínú laptop àlòkù tí mo rà, mo tẹ àṣẹ kan, mo sì dúró. Ó gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo pe ìyàwó mi, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹja ní Rye Lane.

"Jọ̀ọ́, ṣí ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ."

"Mo ti ṣí i. Ó ní 'Ẹ káàbọ̀.' Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Ṣebí ibi iṣẹ́ lo wà?"

"Ibi iṣẹ́ náà ni mo ti kọ ọ́."

"Ó dáa. Ṣé títúsì ni kí n rà àbí kóróka? Èèyàn ń bẹ lẹ́yìn mi."

Kò yé e, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi ti lọ sínú kọ̀ǹpútà kan nínú ilé tí mi ò ní fojú rí láéláé, ó sì jáde ní àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó mi níwájú ẹja. Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, ìkùukùu, nìyẹn. Kò sí lójú ọ̀run rárá, kọ̀ǹpútà tí a ń yá lò láti ọ̀nà jíjìn ni. Láti ọjọ́ náà ni ó ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Fídíò ni mo ń wò, ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta ni mo sì kọ kún. Ní òpin ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì mi ń tọ̀, a máa ń ní ìṣẹ́jú méje kí á tó yí bọ́ọ̀sì padà, ìṣẹ́jú méje sì tó láti ka ohun tí kọ̀ǹpútà sọ pé ó kùnà, kí n sì máa rò ó lójú ọ̀nà.

Ohun gidi àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni ojú ewé àkókò ìrun fún mọ́ṣáláṣí wa. Kóòdù náà ń ṣírò ibi tí oòrùn wà, ó sì ń gbé àkókò ìrun márààrún sórí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri àti sórí fóònù gbogbo jàmáà. Oṣù kìíní ọdún ni mo parí rẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, wọ́n yọ bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n sì fi tèmi rọ́pò rẹ̀. Fún ogúnjọ́, kò tàsé ìṣẹ́jú kan.

Ọjọ́ kọkànlélógún bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ìlú yìí títí di oṣù kẹwàá. Mo ń wa bọ́ọ̀sì lọ nírọ̀lẹ́, oòrùn kọjú sí mi gan-an. Nígbà tí mo dé òpin ọ̀nà, wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mo pe ìyàwó mi padà.

"Ògiri mọ́ṣáláṣí ní kí a ṣínu ní 6:33," ó ní, "oòrùn sì wà lókè. Ìwọ náà wo ojú ọ̀run!"

Mo wò ó. Oòrùn wà lókè lóòótọ́. 7:33 ló yẹ kó jẹ́.

Àwọn tó wà ní mọ́ṣáláṣí rí oòrùn lójú fèrèsé, wọn ò mu nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Alhaja kan wà nínú ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, lábẹ́ ilẹ̀, tí kò sí fèrèsé. Fóònù ni Alhaja wò.

"Dàbínù mẹ́ta," Alhaja sọ fún mi lórí fóònù, "omi ife kan, àti ìrẹsì tí mo ti jẹ dé ìdajì. Ìwọ awakọ̀, ṣé bí o ṣe máa ń tètè dé ibùdókọ̀ nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Mummy."

"Mi ò bínú. Màá gba ọjọ́ kan padà lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ìwọ náà á bá mi gbà á."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti sún aago ọwọ́ mi síwájú, mo sún ti ara ògiri ilé wa, mo sún ti ara sítóòfù. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe nìkan ni mo gbàgbé. Aago Lọ́ńdọ̀nù ni laptop mi ń kà, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kó sún. Kọ̀ǹpútà tí mo yá ń ka UTC, aago gbogbo ayé tí kì í sún síwájú, tí kì í sún sẹ́yìn. Ní oṣù kìíní tí mo dán an wò, aago méjèèjì kò fi ìṣẹ́jú-àáyá kan yàtọ̀.

Ìlà kan ṣoṣo ni àtúnṣe rẹ̀. Mo ṣe é, mo sì lọ bá Alfa wa, ìmáàmù mọ́ṣáláṣí náà. Bébà ti padà sórí ògiri.

"O ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe, Alfa."

"Báwo ni èmi ṣe máa mọ̀?"

Mo na fóònù mi sí wọn. Wọn ò gbà á.

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ á wọ òmíràn. Ààwẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí a rí i ní oṣù kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá tún yí aago. Tó bá tàsé, ó parí nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń yí bọ́ọ̀sì mi ká, tí mo ń wo iná, táyà àti ilẹ̀kùn, ojú tì mí. Bọ́ọ̀sì tí iná kan ṣoṣo ò bá tàn lára rẹ̀ kì í jáde ní gáráàjì. Kí ló dé tí kóòdù mi ń jáde láìsí ẹni tó yí i ká?

Mo gba bébà mọ́ṣáláṣí, ojú ewé méjìlá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àkókò inú rẹ̀ sínú laptop. Ọjọ́ 366 ni ọdún náà ní, ìrun márùn-ún lójúmọ́: 1,830. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìsinmi mi fi lọ sí i. Mo wá ṣètò rẹ̀ pé nígbàkígbà tí mo bá fọwọ́ kan kóòdù, kọ̀ǹpútà ọ̀hún á kọ́kọ́ fi gbogbo rẹ̀ wé bébà. Tí ẹyọ kan bá fi ju ìṣẹ́jú kan lọ yàtọ̀, géètì á tì, nǹkan kan ò ní dé orí fóònù ẹnikẹ́ni.

Kóòdù àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò: 1,050 kùnà, ọjọ́ 210 lọ́nà márùn-ún, gbogbo ọjọ́ tí aago Lọ́ńdọ̀nù fi wà níwájú pátá. Àyẹ̀wò náà ti rí àṣìṣe mi! Mo fò sókè nínú bọ́ọ̀sì òfìfo. Kóòdù tuntun: 122 ṣì kùnà, Àsùbáà àti Ìṣáì, ìrun ìdájí àti ti alẹ́, ni gbogbo wọn. Mo tún padà sọ́dọ̀ Alfa.

"Ìgbà wo ni?" wọ́n bi mí.

"Láti ìparí oṣù karùn-ún dé ìparí oṣù keje."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Nígbà yẹn, ilẹ̀ kì í ṣú tán ní ìlú yìí. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lẹ́yìn Mọ̀gàríbì la máa ń kí Ìṣáì, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ la máa ń kí Àsùbáà. Ṣé fídíò rẹ ò sọ ìyẹn ni?"

Kò sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sínú kóòdù.

Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn ọdún, èmi àti Alhaja gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan náà padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a ṣínu, mo pè wọ́n láti sọ àkókò.

"Pa á mọ́ sọ́wọ́ rẹ," wọ́n ní. "Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí."

Ọjọ́ Àìkú oṣù kẹwàá tí wọ́n ń dá aago padà pé. Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n náà sí ẹ̀gbẹ́ bébà. Alhaja dúró síwájú méjèèjì, wọ́n nàka sí bébà: Mọ̀gàríbì, 4:46. Tẹlifíṣọ̀n: 4:46. Alfa wo ojú fèrèsé, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n sì ní kí a pe ìrun.

Mo na ọwọ́ láti yọ bébà náà. Alhaja gbá mi lọ́wọ́.

"Fi í síbẹ̀. Kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn."

Méjèèjì ló wà lára ògiri di òní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ bébà ọdún tuntun wọlé tán nínú gáráàjì, mo sì tẹ àṣẹ náà. Ohun tó ń gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá nígbà kan gba ìṣẹ́jú-àáyá méjìléláàádọ́ta, tòun ti àyẹ̀wò ọjọ́ 365: ìrun 1,825 nínú 1,825 ló bá bébà mu.