Àwọn Ará Àpò àti Oko Bàbá Wa

Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni mò ń ta àpò ìrẹsì òfìfo kan n'Ìkọ̀lé lọ́dún tí mo ń wí yìí; ìdọ̀họ nínípọn tí wọ́n ń kó kòkó sí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsọ̀ mi ń rùn fún eruku ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ. Bí o bá fi lè wọlé, wàá sín. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kàwé ní yunifásítì l'Ọ̀yẹ́, máa ń jókòó sí bó bá ti wálé. Á gun orí òkìtì àpò, á gbé kọ̀ǹpútà lé itan, á máa gbá géèmù.

Bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kì í bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà. Oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Odò-Orò ló dá ìjà sílẹ̀. Kòkó wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti iṣu wà níbẹ̀, a ò sì mọ bí a ṣe máa pín in. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, pátákó nọ́ńbà orin ni kálukú wa ń tẹjú mọ́.

Lọ́jọ́ kan mo yọjú wo géèmù yìí, mo rí àwọn ọkùnrin tó ru àpò erùpẹ̀.

"Oníbàárà mi ha nìwọ̀nyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ará Áyálándì àtijọ́ ni wọ́n, Àǹtí. Fíà Bólógì. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn ará àpò."

"Ẹbí mi nìyẹn. Ṣé wọ́n ń borí?"

"Wọ́n lù wọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kó gbádùn pẹ̀lú ìbéèrè. Ó ní àwọn tó lù wọ́n wọ inú ìkùukùu dé, wọ́n ń tàn yanran, idán kún ọwọ́ wọn. Túà Dé Dánánì lorúkọ wọn. Ó ní àwọn Fómórì tún wà, tí wọ́n ti inú òkun wá, tí òmíràn nínú wọn jẹ́ olójú kan, tí wọ́n ń fi ipá gba owó orí. Mo ní ìyẹn ò ṣàjèjì, wọ́n wà ní gbogbo ọjà. Nígbà tó yá, èèyàn bíi tiwa dé, wọ́n ṣẹ́gun àwọn atànyanran, wọ́n wá pín ilẹ̀: èèyàn mú òkè, àwọn yẹn mú abẹ́ ilẹ̀, wọ́n wọ inú òkè lọ.

"Wọ́n rẹ́ wọn jẹ," ni mo wí.

"Rárá o. Nígbà tínú bí àwọn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ba ọkà àti wàrà àwọn tó wà lókè jẹ́, títí wọ́n fi wá bẹ̀bẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Kòkó bàbá wa ti darúgbó, ó ń dúdú lórí igi, owó rẹ̀ ò sì jọ owó. Ẹ̀gẹ́ kì í já èèyàn kulẹ̀. Nígbà tí àbúrò bàbá wa pè wá sóko láti parí ìjà, mo kúnlẹ̀.

"Bùọ̀dá, kí ọ̀kan nínú wa mú ohun tó ń so lókè, kí èkejì mú ohun tó ń ta sínú ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mú. Àmọ́ n ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí àgbà máa bẹ̀rẹ̀ walẹ̀."

Àyà rẹ̀ wú. "Òkè ni tèmi. Ìwọ máa wa uṣu rẹ."

Ọmọ rẹ̀, tó tẹ̀ lé e wá, wò mí, ó gé ètè jẹ.

Kí àsìkò kòkó tó tẹ̀ lé e tó parí, owó kòkó gbéra, kò bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó ń ra kòkó ń ṣí fìlà kí ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ńkọ́? Òyà jẹ ìdajì ẹ̀gẹ́ mi.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe yọ sí ìsọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń sín. "Mo fẹ́ àpò ìdọ̀họ mẹ́sàn-án. Èyí tí ò lu."

"Àgbà sọ̀ kalẹ̀ lónìí."

"Ọmọ mi ti sọ ibi tó o ti kọ́gbọ́n. Ó ní wọ́n tiẹ̀ ti kọ́kọ́ na ẹ̀yin ará àpò tẹ́lẹ̀."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó jókòó sórí òkìtì àpò, ó bi mí léèrè ẹ̀gẹ́ mi.

Mo ti ro ó síwá sẹ́yìn. Àwọn atànyanran wọ inú òkè, olójú kan padà sínú òkun. Àwọn ará àpò ní tiwọn, ó dá mi lójú pé wọ́n ṣì wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá kórè, á wá ohun tí yóò fi kó o délé.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ná àwọn àpò náà bí ẹni tí ò ní kòkó. Igba náírà péré ni èrè tó ṣẹ́ kù fún mi lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo kòkó oko bàbá wa lọ́dún yẹn, ohun tó kàn mí ò ju ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀rin náírà.