Àtẹ Tó Ń Kà Láti Àárín

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ni Àgídìngbì ń rùn sí mi nímú títí dòní. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ń di ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sínú ọ̀rá, ẹ̀bu rẹ̀ a sì máa bà sí wa lórí, a máa bà sínú oúnjẹ ọ̀sán wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni. Iṣẹ́ mi ni kí n wọn ọ̀rá díẹ̀, kí n sì ṣírò iye tí kò ní kún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi, mo gbọ́n lójú ara mi nígbà yẹn.

Bàbá ará Èkìtì kan ló ń darí ẹ̀rọ kejì. Ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ débi pé ọwọ́ ló fi ń mọ ọ̀rá tí kò kún. Ọ̀gá wa ò fẹ́ ti ọwọ́, ti ìwé ló fẹ́. Ó ní bí ọ̀rá tí kò pé igba giráàmù bá ti ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún, bàbá máa gba ilé lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́rin ló ń rán níwèé ní Ìfàkò.

Ìwọ̀n àárín àwọn ọ̀rá náà jẹ́ igba ó lé mẹ́wàá; bí wọ́n ṣe sábà máa ń yàtọ̀ sí i jẹ́ giráàmù márùn-ún. Igba fi mẹ́wàá rẹlẹ̀ sí àárín, mo fi márùn-ún pín in, ó di méjì. Méjì yẹn ni wọ́n ń pè ní z. Mo ṣí àtẹ inú ìwé àtijọ́ tó wà ní ọ́fíìsì, èyí tó ń yí z padà sí ìpín nínú odidi, mo rí 0.4772 níwájú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé bí ọ̀rá méjìdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni kò kún, mo sì mú un fún ọ̀gá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi máa lé bàbá.

Bàbá wá bá mi nídìí òṣùwọ̀n. Kò bínú.

"Ọmọ mi, èló lo ní ó wà láàárín?"

"Igba ó lé mẹ́wàá, sà. Ìdajì ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"O wá kọ ọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìdajì yòókù ni kò pé igba. Àwọn tó wà láàárín igba sí igba ó lé mẹ́wàá wá dà? Àwọn yẹn gan-an lọwọ́ mi ń gbé lójoojúmọ́."

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń já sí. Ìwé ò purọ́, bàbá náà ò sì jọ òpùrọ́. Ìgbà tó yá ni ojú mi bọ́ sára àwòrán kékeré tó dà bí agogo lókè àtẹ náà: láti àárín dé ibi z ni wọ́n kùn ní dúdú. Ìrù rẹ̀, níbi tí ọ̀rá tí kò kún wà, funfun ni. Àṣé àtẹ tí mo fi kọ́ṣẹ́ nílé ìwé, láti ìpẹ̀kùn òsì ló ti ń kà; ti inú ìwé yìí, láti àárín ni. Bí mo bá ti rí nọ́ńbà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mo yọ 0.4772 kúrò nínú ìdajì. Ó ku ọ̀rá méjì àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó mẹ́ta.

Síbẹ̀ mi ò tètè mọ èyí tí n bá ṣe. Wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀. Mo ṣáà wọlé tọ ọ̀gá lọ, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo ṣì í kà." Ó fa lẹ́tà bàbá ya, ó sì fún èmi ní kúẹ́rì.

Mo kúnlẹ̀ fún bàbá nídìí ẹ̀rọ. Ó ní, "Dìde. Ta ni kì í ṣì í kà? Ọjọ́ Jímọ̀ mi lo kàn fẹ́ kà mọ́ ọn."

Ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé nọ́ńbà kan kalẹ̀ báyìí láti fi dá ẹjọ́ ẹlòmíràn, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Bí bàbá ò bá béèrè àwọn tó wà láàárín, ǹ bá má wo àwòrán yẹn láéláé.