Ọjọ́ Tí Mo Ju Ìwé Ìtàn Èkó Sínú Ọ̀sà

Ọjọ́ tí mo ju ìwé ìtàn Èkó sínú ọ̀sà, n kò lè gbàgbé ẹ̀ láyé. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi la fi ń ti Ajah lọ sí Èkó, kò sì sí atukọ̀ tó tó mi. Mo gbé tíṣà kan àti àpótí rẹ̀. A dé àárín ọ̀sà, ìjì dé, omi ń wọ inú ọkọ̀. Àṣà wa ni pé ẹrù tó wúwo jù la máa kọ́kọ́ jù nù. Mo ju àpótí náà.

"Ọ̀gá, ẹ pa mí o! Ìwé tí mò ń kọ nípa Èkó ló wà níbẹ̀!"

"Tíṣà, ṣé òkú máa ń kọ̀wé ni?"

Ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀. Mo gbé àjẹ̀ fún un, mo bẹ́ sómi, mo fa àpótí náà padà kó tó rì.

A sá ìwé náà sórí àtẹ ẹja ní Ajah. Omi ti pa gbogbo ohun tó kọ nípa abúlé wa rẹ́. Tíṣà bú sẹ́kún.

Mo ní, "Ẹ mú bírò."

Èmi tí mo kúrò nílé ìwé ní pámárì tú, mò ń pè é, tíṣà ń kọ ọ́.