Bàbá Ọjọ́-Kẹta àti Àwọn Agbálẹ̀ Inú Orí Rẹ̀

Gbogbo ẹni tó mọ Bàbá Ọjọ́-Kẹta ló mọ ìtàn ọjọ́ tó ń bá dókítà ná ọjà tí kò sí lórí àtẹ. Dókítà ló ṣàlàyé fún un pé, "Bàbá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ń bá àrùn jà, wọ́n sì ń gbá ìdọ̀tí. Nínú ọpọlọ tiyín, ìdọ̀tí ti pọ̀ jù, àwọn náà ti wá ń ṣàṣejù. Wọ́n ń kó ohun tó dáa mọ́ ìdọ̀tí dànù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbàgbé nǹkan."

"Ta ni ọ̀gá wọn?"

"Wọn ò ní ọ̀gá, Bàbá."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá kó sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Màá wá ṣà á."

"Kò ṣeé ṣe, sà."

"Ọjọ́ méjì ńkọ́? Ó dáa, ọjọ́ kan. N ò lè dín in mọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin Bàbá tó bá a wá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé inú ọkọ̀, ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

Ẹ má dá Bàbá lẹ́bi. Olórí agbálẹ̀ ọ́fíìsì ńlá kan ni fún ọgbọ̀n ọdún, òfin rẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ: bébà tí wọ́n bá gbá lónìí, inú àpò ni yóò wà ní yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú déètì lára, ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó sun ún. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àfi ìgbà tí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àpò, tó ń wá ìwé tó ṣèèṣì jù nù. "Àpò àná," ni Bàbá wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n àwọn ti inú orí yìí ò gbọ́ òfin. Wọ́n kó ọ̀nà ilé lọ. Wọ́n kó orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ká má tan ara wa, kò sí oògùn tó dá wọn dúró. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀rù: ọjọ́ tí yóò kan òun.

Ó kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Agbálẹ̀ tuntun, àbí? Jẹ́ n rí ọwọ́ ẹ."

"Bàbá mi, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Gbálẹ̀."

Ó gbálẹ̀. Bàbá yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ wò. "Kò burú. Àmọ́ mo ní ọmọ kan, ó mọ̀ ọ́n gbá jù ọ́ lọ."

"Ẹ ṣé, sà," lọmọ wí.

Nígbà tí Bàbá kú, ọmọ rẹ̀ bá àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta kó tó tú u: bọ́tìnnì, ìwé ìròyìn tó ti fàya, àti bébà kan tí Bàbá kọ nǹkan sí. Déètì ọjọ́ ìgbálẹ̀ yẹn gan-an ló wà lórí rẹ̀: "Obìnrin tó ń wá láràárọ̀, ọmọ mi ni. Ẹ má dà á nù."

Àpò náà ṣì wà nílé ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ti kọjá tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.